Ẹ Má Tíì Tú Ìdí Píkọ́ọ̀pù Yín: Àlàyé Lórí Sísọ Ọkọ̀ Oko Di Fọ́ Wíìlì

Bí òjò oṣù kẹfà bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ìròyìn kan wà tí àgbẹ̀ tí ó ní ọkọ̀ kì í fẹ́ gbọ́, òun náà ni pé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ti rì sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kò mọ̀ pé ọ̀nà bàjẹ́. Bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta bá ti kọjá lórí rẹ̀ tí kò dé ibi tí wọn yóò ti bó o, tí wọn yóò ti rin ín, inú rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Tòmátì àti ẹ̀fọ́ kò tilẹ̀ ní dúró tó bẹ́ẹ̀. Báyìí ni òógùn ọ̀pọ̀ oṣù ṣe lè ṣòfò lórí ọ̀nà tí kò ju kìlómítà mẹ́ta lọ.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Àgbẹ̀ yóò wí pé, "Ọ̀gá, ṣé a kò lè sọ ọkọ̀ yìí di fọ́ wíìlì ni?" Mẹkáníìkì náà yóò sì dáhùn pé, "Ó ṣe é ṣe, Bàbá." Òótọ́ ni ìdáhùn yìí. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò pé ni. Ó ṣe é ṣe. Kí ni yóò gbà? Ta ni ó lè ṣe é tí kò ní pa ẹni tí ó máa wà á? Ǹjẹ́ òun ni ó tilẹ̀ jẹ́ oògùn ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀ náà? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni a fẹ́ dáhùn lónìí, kí owó irè oko má baà tún bọ́ sínú kòtò mìíràn.

KÍ NI FỌ́ WÍÌLÌ?

Nínú píkọ́ọ̀pù tí ó wọ́pọ̀ ní agbègbè wa, iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ń ti ọkọ̀ náà lọ. Agbára ẹ́ńjìnnì yóò gba inú gíà, yóò sì bọ́ sára irin gbọọrọ kan tí ó na gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní propeller. Irin yìí ni yóò gbé e dé àárín irin ìdábùú tí ẹsẹ̀ méjèèjì ẹ̀yìn so mọ́. Níbẹ̀ ni ohun roboto kan wà bí ìkòkò, tí ó kún fún irin eléyín, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ differential. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín agbára náà sí ọ̀tún àti sí òsì, kí ó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan lè sáré ju èkejì lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà. Bí kò bá sí i, ńṣe ni táyà yóò máa fi ara ha ọ̀dà nígbàkúùgbà tí a bá yí sítíárì.

Ṣùgbọ́n inú oore tí differential ń ṣe fún wa lórí ọ̀dà gan-an ni ìyọnu rẹ̀ ti ń wá nínú ẹrẹ̀. Ọgbọọgba ni ó ń pín agbára. Kì í fún ẹsẹ̀ kan ju èkejì lọ. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá wà nínú ẹrẹ̀ tí ó ń yọ̀, agbára díẹ̀ báyìí ti tó láti yí i lófìfo. Ìwọ̀n díẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ òsì tí ó wà lórí ilẹ̀ líle yóò rí gbà, kò sì lè tó láti gbé ọkọ̀ jáde. Ìdí nìyí tí a fi máa ń rí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ń yí bí òòyì, tí ó ń da ẹrẹ̀ sí ara àwọn tí ó ń tì í, tí ẹsẹ̀ kejì sì dúró gbagidi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án.

Ọkọ̀ fọ́ wíìlì ni èyí tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ méjèèjì iwájú pẹ̀lú. Kí èyí tó ṣe é ṣe, àpótí irin kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn gíà tí yóò pín agbára sọ́nà méjì. Transfer ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní àpótí apínagbára. Propeller kan yóò ti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn, òmíràn yóò ti ibẹ̀ lọ síwájú, níbi tí differential kejì yóò ti gbà á. Ọ̀pá kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà tí awakọ̀ yóò fi so iwájú mọ́ ẹ̀yìn nígbà tí ó bá fẹ́. Ọ̀pọ̀ irú àpótí bẹ́ẹ̀ tún ní gíà kékeré tirẹ̀, tí ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ rọra wọ́ jáde nínú àfọ̀ pẹ̀lú agbára púpọ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń ta ọkọ̀ kì í sọ. Fọ́ wíìlì tí differential rẹ̀ méjèèjì kò ní ohun tí ó lè dè é, bí ẹsẹ̀ kan níwájú àti ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn bá wà nínú ẹrẹ̀ tí ó ń yọ̀, yóò dúró síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ yòókù. Bí ikùn ọkọ̀ bá sì ti jókòó lórí gegele àárín ọ̀nà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa yí lórí asán.

ÀWỌN TÍ Ó TI ṢE É RÍ

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Láti àárín àwọn ọdún 1930 ni ilé-iṣẹ́ Marmon-Herrington ní Amẹ́ríkà ti ń sọ ọkọ̀ akẹ́rù Ford di fọ́ wíìlì. Ní àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Minneapolis tí wọ́n ń pè ní NAPCO ń ta odidi àkójọ irin tí a lè fi sọ píkọ́ọ̀pù Chevrolet àti GMC di fọ́ wíìlì. Ó rọrùn débi pé ní ọdún 1957, Chevrolet fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin NAPCO sí ọkọ̀ tirẹ̀ láti ilé-iṣẹ́.

Kí ni ó mú un rọrùn? Irin ìdábùú kan ṣoṣo tí ó jókòó lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ ni ẹsẹ̀ méjèèjì iwájú àwọn ọkọ̀ ayé ìgbà náà so mọ́. Bí wọ́n bá ti yọ èyí tí kò ní eyín nínú, wọn yóò fi èyí tí ó ní eyín rọ́pò rẹ̀ ní ojú ibi kan náà, láìgé ìdí ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù tí ó pọ̀ lọ́wọ́ wa lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan dá dúró, apá irin tirẹ̀ ni ó gbé e, kò sì sí irin ìdábùú kankan níbẹ̀ tí a fẹ́ pààrọ̀. Òmìrán ìyàtọ̀ ni èyí. Ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ lára ọkọ̀ 1957 lè di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù lára ọkọ̀ ti òde òní.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Peugeot 504. Ta ni kò mọ 504 ní ilẹ̀ yìí, pàápàá láti ọdún 1975 tí ilé-iṣẹ́ Peugeot ti Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀? Ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henry Dangel wo ọkọ̀ yìí, ó rí i pé ó lágbára ṣùgbọ́n yanrìn àti ẹrẹ̀ ń dá a dúró. Ní ọdún 1980 ni ó gbé 504 tí ó ti sọ di fọ́ wíìlì jáde, ó sì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún un ní ìlú Sentheim. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé Dangel kò ṣe é ní ẹ̀bá títì. Ó yàwòrán, ó ṣe irin tí ó bá ọkọ̀ náà mu, ó gbé ọkọ̀ ga sókè, ó sì dán an wò kí ó tó tà á. Bákan náà ni Toyota, tí Hilux rẹ̀ ti wà láti ọdún 1968, kò gbé Hilux fọ́ wíìlì jáde àfi ní ọdún 1979. Kì í sì í ṣe irin kan ni wọ́n kàn fi kún èyí ti tẹ́lẹ̀. Ìdí ọkọ̀ náà yàtọ̀, ó sì ga jù ú lọ.

OHUN TÍ YÓÒ YÍ PADÀ LÁBẸ́ ỌKỌ̀

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé àpótí apínagbára kan ṣoṣo ni ẹ óò rà, ẹ rọra bi í léèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Èkínní ni gíà. Gíà ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò sábà ní ojú tí àpótí apínagbára yóò so mọ́, nítorí náà odidi gíà ni a máa ń pààrọ̀. Èkejì ni ẹsẹ̀ iwájú. Ẹsẹ̀ tí ó ń yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, tí ó sì tún ń fà á, gbọ́dọ̀ ní oríkèé inú tí ó lè tẹ̀ láìdá iṣẹ́ dúró. Èyí túmọ̀ sí pé differential iwájú, irin tí ó wọ inú ẹsẹ̀, ilé béárìn, bíréèkì iwájú àti apá sítíárì ni a óò pààrọ̀ pọ̀. Ẹ̀kẹta ni propeller. Ti iwájú yóò jẹ́ tuntun, ti ẹ̀yìn yóò sì yí gígùn padà, nítorí àpótí tí a fi kún un ti gba ààyè rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, agbada ọ́ìlì yóò dí differential iwájú lọ́nà, a ó sì ní láti wá irú èyí tí wọ́n ṣe fún fọ́ wíìlì. Sàlẹ́ǹsà àti táǹkì epo náà lè ní láti sún kúrò ní àyè wọn. Ẹ̀karùn-ún ni ìga ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ga sókè, rọ́bà tí omi bíréèkì ń gbà yóò kúrú. Bí awakọ̀ bá bọ́ sí kòtò tí ẹsẹ̀ kan sì rọ̀ sílẹ̀, ó lè já. Propeller tí ó bá dagun jù yóò máa gbọ̀n, oríkèé rẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kúrọ́ọ̀sì yóò sì tètè jẹ. Sítíárì tí apá rẹ̀ kò bá dọ́gba mọ́ yóò máa fúnra rẹ̀ yà nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá ti gbá kòtò. Ẹ wo bí àwọn obìnrin ọlọ́jà ṣe máa ń jókòó lórí ẹrù lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù ní ọjọ́ ọjà. Ẹ óò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bíréèkì àti sítíárì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

EYÍN IWÁJÚ GBỌ́DỌ̀ BÁ TI Ẹ̀YÌN MU

Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé ti ń bàjẹ́ nìyí, a sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Iye eyín tí ó wà nínú differential ni ó ń pinnu iye ìgbà tí propeller yóò yí kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí irin ńlá bá ní eyín 41, tí kékeré ní 10, propeller yóò yí ìgbà 4.1. Bí ńlá bá ní 43, tí kékeré ní 10, yóò yí ìgbà 4.3. Ọkọ̀ kan náà láti ilé-iṣẹ́ kan náà lè ní èyíkéyìí nínú oríṣiríṣi eyín, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ṣe tóbi tó.

Nígbà tí awakọ̀ bá ti fi ọ̀pá so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, propeller méjèèjì gbọ́dọ̀ máa yí bákan náà. Bí ti iwájú bá jẹ́ 4.1 tí ti ẹ̀yìn jẹ́ 4.3, ẹsẹ̀ iwájú yóò fẹ́ sáré ju ti ẹ̀yìn lọ, wọn yóò sì máa bá ara wọn jà. Nínú ẹrẹ̀, táyà lè yọ̀ díẹ̀ kí ìjà náà rọlẹ̀. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, irin ni yóò jẹ ìyà náà, yóò máa le, yóò máa gbóná, títí ohun kan yóò fi ṣẹ́.

Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ ọ́n láìtú nǹkan kan rèé. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fi igi dí àwọn ẹsẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ kí ó má baà yí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gíà, kí ẹ sì dẹ bíréèkì ọwọ́. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè, kí ẹ sì ti irin adúróṣinṣin bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ara táyà àti sí ara propeller. Kí ẹnìkan fi ọwọ́ yí táyà náà ní ìgbà 20, kí ẹlòmíràn máa ka iye tí propeller yí. Bí ó bá yí ìgbà 41, ẹ pín in sí 10, 4.1 ni, bí ó bá yí ìgbà 43, 4.3 ni. Ẹ ṣe bákan náà fún ti iwájú lára ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ tú irin rẹ̀, kí ẹ tó sanwó. Bí ìṣirò méjèèjì kò bá bára mu, ẹ má rà á.

Ohun kan náà ni táyà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí jíjẹ wọn sì súnmọ́ra. Bí gbogbo rẹ̀ tilẹ̀ bára mu, fọ́ wíìlì tí ó ń fi ọ̀pá so iwájú mọ́ ẹ̀yìn kì í ṣe ohun tí a ń wà bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀dà. Bí ọkọ̀ bá ti jáde láti oko sí títì Mọ́níyà tàbí ti Ìyànà Ọ̀fà, kí awakọ̀ dá a padà sí ẹsẹ̀ méjì.

BÍ Ẹ BÁ ṢÌ FẸ́ ṢE É

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ gbogbo èyí tí ó sì tún fẹ́ ṣe é, kí ó má ṣe máa ra irin lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin tí a ra níhìn-ín tí a ra lọ́hùn-ún kì í mọ ara wọn. Ohun tí ó dára jù ni láti ra odidi ọkọ̀ fọ́ wíìlì kan, irú ọkọ̀ kan náà àti ẹ́ńjìnnì tí ó bá ti ẹni mu, tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí abẹ́ rẹ̀ ṣì dára. Kí ẹ rí i kí ó rìn, kí ẹ gbọ́ ìró rẹ̀ nínú gíà ńlá àti gíà kékeré, kí ẹ tó tú u. Lẹ́yìn èyí, ara ọkọ̀ yín ni ẹ óò gbé lé ìdí tirẹ̀, dípò kí ẹ máa gé ìdí tiyín láti gba irin tirẹ̀. Bí ẹ bá ń wá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọjà Aráròmí ní Agodi Gate ní Ìbàdàn àti Ládìpọ̀ ní Èkó ni àwọn mẹkáníìkì kọ́kọ́ máa ń wò.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ara ìdí ọkọ̀ ni nọ́ńbà chassis wà. Bí ìdí bá yí padà tí ìwé kò yí padà, ọkọ̀ yín ti di ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ kò bá a mu. Ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ó bá dá yín dúró lè kà á sí ọkọ̀ jíjí. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ta ọkọ̀ náà kó gbogbo ìwé rẹ̀ lé yín lọ́wọ́ pẹ̀lú rìsíìtì, kí ẹ mú un lọ síwájú àwọn VIO fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì tún ìwé ọkọ̀ ṣe kí ó tó wọ títì. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín pẹ̀lú, nítorí wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lórí ọkọ̀ tí a ti yí padà tí a kò fi tó wọn létí.

Ní ti iṣẹ́ náà gan-an, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, tàbí èyí tí a fi búlọ́ọ̀kù gbé. Búlọ́ọ̀kù máa ń fọ́ lójijì láìkìlọ̀. Irin adúróṣinṣin ni kí ẹ lò, lórí ilẹ̀ líle. Kí ẹ tú okùn bátìrì kí iná kankan tó kàn án, kí ẹ sì gbé táǹkì epo kúrò pátápátá kí jórinjórin tó dé. Jíjó irin mọ́ ibi tí sípíríǹgì tàbí sítíárì so mọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó ń jó gééètì ilé. Bí ẹ bá ti parí, ibi gbalasa ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wà á, láìsí ẹrù, láìsí èrò. Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 50, kí ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì dì, kí ẹ wo bóyá ọ́ìlì ń jò, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan àpótí apínagbára bóyá ó gbóná ju bí ó ti yẹ lọ.

Kí ẹ tó na kọ́bọ̀ kan, ẹ ṣe ìṣirò kan. Ẹ kọ owó ọkọ̀ tí ẹ óò tú, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì, ti jórinjórin, ti arìwáyà, ti táyà àti ti ìwé sílẹ̀. Ẹ wá béèrè iye tí ẹ lè ta píkọ́ọ̀pù yín bí ó ti wà, àti iye tí wọ́n ń ta fọ́ wíìlì tòkunbọ̀ irú rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ méjì yìí kò bá ju owó tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ, ọgbọ́n ni kí ẹ ta èyí kí ẹ ra ìyẹn. Kí ẹ sì fi owó epo kún un, nítorí fọ́ wíìlì wúwo, ó sì ń mu epo jù. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, èyí kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ lè fi ojú kékeré wò.

Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ó ń wá fọ́ wíìlì, kì í ṣe òun ni ó nílò. A ti sọ ọ́ lókè pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń yí lófìfo. Bí a bá lè mú kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀, ìdajì ìyọnu náà ti tán. Irú differential kan wà tí wọ́n ṣe láti má jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan máa dá yí fàlàlà, òmíràn sì wà tí a lè tì pa nígbà tí a bá wọ ẹrẹ̀. Nínú irú ọkọ̀ kan náà, ó lè ṣe é ṣe láti rí èyí tí ó wọ inú irin ìdábùú ẹ̀yìn yín láìgé ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe gbà fún ẹni tí ó bá ní òun yóò jó eyín inú rẹ̀ pa pọ̀. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò máa kọ̀ láti yà ní kọ́nà lórí ọ̀dà, yóò jẹ táyà run, ó sì lè ṣẹ́ irin ẹsẹ̀ níbi tí ẹ kò rò.

Lẹ́yìn èyí ni táyà. Táyà tí ojú rẹ̀ ti dán kò lè di ẹrẹ̀ mú, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́wàá ni ọkọ̀ náà ní. Táyà eléyín gbọọrọ tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè ṣe ju táyà pípá lábẹ́ fọ́ wíìlì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ibi tí ó rọ̀, tí ẹrù kò sì pọ̀, ẹ lè dẹ afẹ́fẹ́ táyà láti 35 sí nǹkan bíi 20, kí ojú rẹ̀ lè tẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fún un padà kí ẹ tó dé títì tàbí kí ẹ tó kó ẹrù kún un. Píkọ́ọ̀pù tí ó ṣófo máa ń tètè yọ̀ nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́. Àpò yanrìn mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò mú un jókòó. Kí pákó méjì tí ó nípọn, ṣọ́bìrì, okùn tí ó lágbára àti pọ́ǹpù má ṣe wọ́n nínú ọkọ̀ oko ní àkókò òjò. Kí awakọ̀ sì mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ bá ti ń yí lófìfo, kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Bí ó bá ń tẹ̀ ẹ́ sí i, ihò ni ó ń gbẹ́ fún ara rẹ̀.

Níkẹyìn, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí Àkànrán, tí ó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà lónìí, jẹ́ ọ̀kan lára ojúkò ìjà náà, owó orí ni gbogbo ayé rántí. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ọ̀nà abúlé wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ béèrè pẹ̀lú. Ní ọdún 1986, ìjọba ológun dá àjọ DFRRI sílẹ̀ fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ìdàgbàsókè ìgbèríko. Ní ọdún 2020, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó fún iṣẹ́ ọ̀nà oko tí wọ́n ń pè ní RAAMP, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn tí ó kópa nínú rẹ̀. Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí a ti ń béèrè ohun kan náà.

Kí ìjọba tó dé, omi ni ọ̀tá ọ̀nà. Bí ọ̀gbàrá bá rí ojú ibi tí yóò gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò ní wọ àárín rẹ̀. Abúlé mẹ́ta tí ó bá ṣe ọ̀wẹ̀ ní oṣù kejì, tí wọ́n la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí wọ́n sì da òkúta sí ibi tí ó máa ń rọ̀, ti ṣe ohun tí yóò ṣe gbogbo wọn lóore, títí kan ọlọ́kadà àti ìyá arúgbó tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Fọ́ wíìlì ẹnìkan yóò gbé ẹrù ẹnìkan kọjá, ipa táyà rẹ̀ yóò sì jin sí i fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀nà tí ó dára kò béèrè bóyá ẹsẹ̀ méjì ni ọkọ̀ fi ń rìn tàbí mẹ́rin.